Àwọn Tó Wá Dúpẹ́ Oore Àná

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ìjẹ̀ṣà ni ẹnì kan, fún un ní nǹkan. Yóò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó o. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, yóò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ pé òun wá dúpẹ́ oore àná. Yóò kí ìwọ, yóò kí bàbá tó bí ọ, yóò kí ìyá tó bí ìyá rẹ, nígbà tí yóò bá fi kan nǹkan tí o fún un gan-an, ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ ti tutù. Gbogbo Yorùbá ló ń ṣe é, mo mọ̀. Àwa náà ń ṣe é l'Óṣogbo níbi tí wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n tiwa ní ìwọ̀n. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ará ilé ọkọ mi, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀mí ẹnì kan rọ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ aláró ni mí, ilé ìmàle ni wọ́n sì ti tọ́ mi. Ọkọ mi wá ra aṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi, ó ní aró náà dára. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní aró náà dára. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin tí kò tíì ra ju ìró kan lọ, bàbá mi ní kí wọ́n bi í pé aró wo ló ń wò gan-an. Báyìí ni mo ṣe di ìyàwó ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìtàgùnmọ́dì, láàárín kòkó àti obì. Wọ́n ń fi ọwọ́ mi tí aró ti pa dúdú ṣe ẹlẹ́yà, èmi náà ń fi ẹnu wọn ṣe ẹlẹ́yà. Ilé di ulé lẹ́nu wọn, iṣu di uṣu, ikú pàápàá di ukú. Ọkọ mi kì í bá mi jà sí i. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni, bí iyán bá ti wà nílẹ̀, ó gbà pé ayé ń lọ dáadáa.

Àbúrò rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, iyàrá rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, torí náà mo sọ ọ́ ní Ọkọ Mi Ṣọ́jà, nítorí ó lọ sí ogun Bọ́mà. Ogun náà ti parí tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ó kó nǹkan díẹ̀ bọ̀ láti ibẹ̀: bàtà ṣọ́jà kan tó wúwo bí ọmọ odó, kóòtù onírun tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ nínú oòrùn wa, àti aago kékeré kan tó máa ń dún láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kó ìdákẹ́jẹ́ bọ̀ pẹ̀lú. Orí ilẹ̀ lásán ló ń sùn, bẹ́ẹ̀ ibùsùn wà. Bí wọ́n bá gé igi ńlá lulẹ̀ lóko, yóò dojú bolẹ̀ gbalaja, yóò fi ọwọ́ bo orí. Àwọn ọmọ abúlé a máa rẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ọmọ nìkan ni? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ń ṣe bí ó ti ń ṣe han àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́yìn ilé, a sì rín ẹ̀rín náà títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọdún náà ló ṣáájú ọdún tí ìjọba dá ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a ti ká kòkó tán, a ti sá a gbẹ. Láti ìgbà iṣu tuntun ni Ọkọ Mi Ṣọ́jà ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ jẹ níyà. Tí mo bá gbé iyán fún un, yóò fi ìka kan kàn án, yóò ní òun ti yó. Ìjẹ̀ṣà tí kò jẹ iyán! Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti tó fún wa láti figbe ta. Ó ń rù, kì í wá síbi tí àwọn ọkùnrin ti ń tayò mọ́, bí a bá sì kí i, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ ṣàdédé mọ́. Ó kí mi kí n tó kí i. Ó gbá iwájú iyàrá rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó bá ẹlẹ́mu abúlé wa ṣeré. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Obìnrin ni. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí kò láya, tó wá ń gbálẹ̀ lójijì, kí ni ká tún máa wá kiri? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú.

"Ọkọ mi, ta lẹ ń gbálẹ̀ dè?"

Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, ìyọnu rẹ pọ̀."

"Ṣé ọmọ Iléṣà ni, àbí ọmọ oko? Kó má ṣe fi dúdú ọwọ́ mi ṣe ẹlẹ́yà o, èmi ni ìyálé rẹ̀."

Yóò tún rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ẹ̀rín náà. Mo gbà pé àwàdà mi ló ń wò ó sàn, mo sì pọn ara mi lé gan-an. Mo ti rẹ aṣọ kan sínú aró fún ìyàwó tí mi ò mọ̀ rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí ojú rẹ̀ ti mọ́, ó pín ẹrù rẹ̀. Ó fún ẹlẹ́mu ní bàtà ṣọ́jà. Ó fún tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní aago. Ó gbé kóòtù wá bá mi ní ìdáná, ó ní, "Ìyàwó, gbà, ọyẹ́ ń mú." Mo gbà á kíá kó má baà yí ọkàn padà. Ó wá kó àdá rẹ̀ àti ọkọ́ rẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ọkọ mi. Ọkọ mi ní, "O ṣé," ó gbé wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó padà sídìí iyán rẹ̀.

Ẹ wò ó, àgbẹ̀ kan fún àgbẹ̀ mìíràn ní àdá àti ọkọ́ rẹ̀ méjèèjì, àgbẹ̀ kejì sì ní o ṣé. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí bú ọkọ mi títí ó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀, kò sì yẹ kí n bú u, nítorí èmi ni mo là á yé e lálẹ́ ọjọ́ náà pé àbúrò rẹ̀ ń tú iyàrá sílẹ̀ fún ìyàwó, pé obìnrin kì í fẹ́ bá ẹrù ogun nínú ilé. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Bí a ṣe sùn nìyẹn.

Àkùkọ ò tíì dákẹ́ tí tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì fi wọ ọgbà wa láti dúpẹ́ oore àná. Mo ń dáná, mo ń wò wọ́n. Ọkọ Mi Ṣọ́jà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ojú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà igbó lẹ́yìn ilé. Tíṣà kí i, ó kí baba rẹ̀, ó gbàdúrà, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni mìíràn. Nígbà tó yá, aago tó gbé sápá dún. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń lù ú, ó tì í mọ́ abíyá, kò dákẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ lórí rẹ̀. Kó tó wí tán, ẹlẹ́mu dé. Bàtà náà kéré fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dàbí ìdí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ó ti kì wọ́n bọ̀ ọ́, ó ń rìn bí ẹni tó ń gun orí ẹyin. Òun náà bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá.

Mo gbé kóòtù wọ̀, mo lọ kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í ṣe ọpẹ́ nìkan ló gbé mi lọ, mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí kóòtù. Mo tún lọ jí ọkọ mi pé kó wá dúpẹ́ àdá àti ọkọ́, kí wọ́n má baà ní Òṣogbo ló sọ ọ́ di aláìmoore. Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, mo ní, á rí òmíràn gbà. Ọkọ Mi Ṣọ́jà ń dáhùn, "Kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́," ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà igbó. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹnì kan á tún dì í mú. Mo ní lọ́kàn mi pé ibẹ̀ nìyàwó ń gbà bọ̀, ojú sì ń tì í kí a má baà rí i.

Níbi tí a wà nìyí tí Yèyé wọlé. Ẹ̀gbọ́n baba wọn obìnrin ni, òun ló tọ́ Ọkọ Mi Ṣọ́jà dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti gbọ́ ariwo aago àti ti bàtà, ó sì ti gbọ́ ìdí wọn. Òun ò wá dúpẹ́ o. Ìjà ló bá wá.

"Ùwọ ọmọ yìí! O fún ẹlẹ́mu, o fún tíṣà, o fún ọmọ Òṣogbo tí kò mọ iyán gún, èmi tí mo pọ̀n ọ́ ńkọ́? Kí lo fún mi?"

Ọkọ Mi Ṣọ́jà dọ̀bálẹ̀. Yèyé yí sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ bí ìrẹ́jẹ náà ti tó. Bàtà? Ẹlẹ́mu gbé ẹsẹ̀ sókè. Aago? Ó ṣì ń dún lábíyá tíṣà, kò nílò ìdáhùn. Kóòtù? Mo fà á mọ́ra. Ó wá bi ọkọ mi pé kí ni tirẹ̀.

"Àdá, Yèyé. Àti ọkọ́."

"Èwo nínú àdá rẹ̀?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo tó ní."

Yèyé yí padà sí wa. Ó tún wò wá, aago, bàtà, kóòtù, ṣùgbọ́n kò fi ojú ìlara wò wá mọ́. Ó wọ inú iyàrá náà lọ. Kò pẹ́ tó fi jáde, ìjà ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

"Kò sí nǹkan kan nínú ulé rẹ mọ́," ó ní. "Ọmọ mi, ṣé ukú lo fẹ́ kú?"

Gbogbo wa fò sókè. Mo ní, "A'úsù bílláhi!" Ẹlẹ́mu fi ọwọ́ yí orí, ó dà á nù. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ké Jésù. Ní tiwa nígbà náà, ẹni tó bá dárúkọ irú ikú yìí, ó ti pè é nìyẹn. A máa ń gba ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lọ, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń gbọ́n omi lórí ewé. Yèyé ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ dákẹ́ ẹnu yín. Èmi kọ́ ni mo pè é. Ó ti wà níbí kí n tó dé. Ọmọ mi ni mo bi."

Ọkọ Mi Ṣọ́jà gbé orí sókè. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ohun tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́kàn ni ẹ̀rín tó ń rín sí mi láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀rín ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni, èmi ń rẹ aṣọ ìyàwó. Mo bú sẹ́kún nínú kóòtù ọlọ́kóòtù.

Ó sọ ọ́ fún Yèyé, àwa náà ń gbọ́. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun kan, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, làwọn jọ lọ sí ogun náà. Òun dé, ọ̀rẹ́ òun ò dé. Ìyá ọmọ náà kò gbà pé ó kú, ní gbogbo ìgbà tó bá rí òun lọ́jà, a máa bi òun pé ọjọ́ wo lọmọ òun ń bọ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn. Ó ní òwúrọ̀ yìí ni òun dá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n tíṣà dé, ẹlẹ́mu dé, ìyàwó dé, wọn ò jẹ́ kí òun ráyè. Ẹlẹ́mu la ẹnu, ó ní, "Àbí, ọkùnrin bí ìwọ, tó jagun..." Yèyé wò ó, ó pa á dé.

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwa kan náà la máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, a ó fi gún ẹni tí ẹ̀sín bá bá. Mo kórìíra òwe náà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á, kò tíì kú rí, kò mọ èyí tó yá.

"Gbogbo ayé lo lọ dágbére fún," Yèyé ní. "Kí ló dé tí o ò wá sọ́dọ̀ mi?"

Ó ní, "Bí mo bá wá, ẹ ó mọ̀. Mi ò ní lè lọ mọ́."

Yèyé kò wàásù. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kó dìde kó wá jẹun nílé òun, ibẹ̀ ni yóò sì máa sùn. A fẹ́ dá nǹkan rẹ̀ padà fún un lójú ẹsẹ̀, Yèyé fi igbe dá wa dúró. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, ọjà sí ọjà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún lọjà wa ń ná nígbà náà. Ẹnì kan yóò dá tirẹ̀ padà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò sì mọ́ tí Ọkọ Mi Ṣọ́jà gbọ́dọ̀ jí lọ dúpẹ́ oore àná lẹ́nu ọ̀nà ẹni náà, nítorí Ìjẹ̀ṣà ni, kò sì gbọdọ̀ hùwà aláìmoore. Àdá nìkan ló ní kí ọkọ mi fi sọ́wọ́ títí òun yóò fi ní kó mú un wá. Ẹlẹ́mu bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dá bàtà padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Mo rò pé iṣẹ́ tèmi ti tán, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò jẹ́ kí n jókòó. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Télọ̀ kan wà ní agbo-ilé bàbá mi tó lọ sí ogun kan náà, tí àwa ọmọdé máa ń sá fún nítorí ó máa ń pariwo lójú oorun. Mo ro ẹjọ́ fún un. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Níbo ni ọkọ̀ wà?" Òun àti Ọkọ Mi Ṣọ́jà jókòó sábẹ́ igi obì látàárọ̀ dọjọ́rọ̀, èdè Háúsá tí wọ́n kọ́ nínú ogun ni wọ́n ń sọ. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, mo gbé omi lọ, mo gbé obì lọ, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Inú bí mi gan-an. Nígbà tó yá, mo rí i tí télọ̀ náà dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orí, ó ń fi bí òun náà ti máa ń ṣe hàn án, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣooṣù ló ń wá. Òun àti Yèyé ló sì tẹ̀ lé Ọkọ Mi Ṣọ́jà lọ sí Ẹ̀sà-Òkè, kó lè sọ fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe kú. Mi ò bá wọn lọ. Yèyé ní ẹkún pọ̀ níbẹ̀, àti pé obìnrin náà di ọmọkùnrin wa mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó tán síbẹ̀. Ó gbéyàwó lẹ́yìn ọdún méjì, ó bímọ, ó ń jẹ iyán, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kan á dé tí ojú rẹ̀ á tún ṣú. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n má fi àwàdà mi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń ṣàwàdà, Ọlọ́run ló dá mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń wo ojú.

Ní àsìkò obì kan, Yèyé ti kú nígbà náà, mo ń kọjá lọ sódò. Ọkọ Mi Ṣọ́jà pè mí láti orí ìjókòó iwájú ilé rẹ̀, ó gbé agbọ̀n obì kan lé mi lọ́wọ́, obì gidi, èyí tó dára jù nínú tirẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, gbà, tìrẹ ni." Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dúpẹ́. Mo ronú pé bóyá kí n kúkú yí i sí ẹ̀fẹ̀, kí n bi í pé ìyàwó wo ló tún ń fẹ́. Mo gbé agbọ̀n náà kalẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ikú lẹ tún fẹ́ kú?"

Kò bínú. Ó wò mí títí, ẹ̀rín náà sì lọ díẹ̀díẹ̀.

"Lónìí, rárá," ó ní. "Lánàá, ó wá jókòó tì mí. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, ó ń ṣe mí bíi kí n pè ọ́, ojú ń tì mí." Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ìjókòó náà. "Ṣé o ráyè?"

Mo ní mo ráyè. Mo gbé ìkòkò omi mi sílẹ̀, mo jókòó.